Ìtẹ́ Tí Ẹga àti Àṣàbí Fẹ́ Pín

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí imọ̀ ọ̀pẹ, ó bá Ẹga àti Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fẹ́ túká. Àdàbà àgbà ní kí wọ́n kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n jọ ní.

Wọ́n pín oko ọkà bàbà, kò díjà. Wọ́n pín etí odò, kò díjà. Ó wá ku ìtẹ́.

"Ìyá Àwẹ̀ró, èmi ni mo hun ún," ni Ẹga wí, ló bá fa imọ̀ kan yọ.

"Èmi ni mo tẹ́ inú rẹ̀!" Àṣàbí náà fa ìyẹ́ kan yọ, ọkàn rẹ̀ ti wà lára ìyẹ́ mìíràn tí yóò fà. Atẹ́gùn fẹ́ wọlé, ni Àwẹ̀ró, ọmọ wọn tó wà nínú ìtẹ́, bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Bàbá mi kó imọ̀.
*Rọra o, rọra.*
Ìyá mi kó ìyẹ́.
*Rọra o, rọra.*
Ta ni yóò kó mi?
*Rọra o, rọra.*

Ìyẹ́ bọ́ lẹ́nu Àṣàbí. "Bàbá Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, dá imọ̀ yẹn padà. Ìtẹ́ yìí kì í ṣe tiwa mọ́, tọmọ ni. Àwa la ó máa wá, ìwọ láàárọ̀, èmi lálẹ́."

Ẹga gbà. Títí dòní, wọn kì í sùn pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìtẹ́ bá ń jò, Ẹga á dí ẹ̀yìn, Àṣàbí á dí inú, Àwẹ̀ró á sì sùn.