Ìdí Tí Amọ̀nà Fi Ń Na Ọwọ́ Kan Síta

Nígbà láéláé, kí ojú ènìyàn tó rí inú ara ẹ̀dá, àwọn kan ti ń gbé ibẹ̀. Yàrá wẹ́wẹ́ ló kún ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, òwú gígùn kan sì wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ara òwú yìí ni wọ́n kọ gbogbo iṣẹ́ ara sí: bí ojú yóò ṣe là, bí ẹsẹ̀ yóò ṣe hù. Jíìnì ni àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní ń pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n òwú náà gùn púpọ̀, wọ́n sì wé e mọ́ igi pinpin kí yàrá lè gbà á.

Nínú ara ọmọ Àkèré kan, tí ó ṣì ń fi ìrù lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀gọ̀dọ̀, Amọ̀nà àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Atúkókó, jọ ń gbé yàrá kan. Amọ̀nà mọ ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Atúkókó kò mọ ibì kankan, ṣùgbọ́n bó bá ti fọwọ́ kan òwú, òwú á dẹ̀. Nígbà náà ni Bàbá Adàkọ yóò wọlé, tí yóò da iṣẹ́ náà kọ, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí ara.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Omi ọ̀gọ̀dọ̀ ń fà. Ìyá Àkèré jókòó sí etí omi.

"Ọmọ mi, hu ẹsẹ̀ ká máa lọ."

Ọmọ ń wò ó. Kò ní ẹsẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ bá gbé àrokò wá sínú yàrá: "Ó tó àkókò! Ẹ ṣí iṣẹ́ ẹsẹ̀!" Amọ̀nà ni wọ́n fi àrokò náà lé lọ́wọ́. Orí rẹ̀ wú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ," ni Atúkókó wí.

"Èmi àti ta ni? Èmi ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Èmi ni mo mọ ibẹ̀. Ìwọ tí o kò mọ orí òwú yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe?"

Atúkókó fà sẹ́yìn. "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa lọ."

Ó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀. Nínú yàrá yẹn, ẹni tí kò bá níṣẹ́ kì í pẹ́ yọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Amọ̀nà rí ibi tí iṣẹ́ ẹsẹ̀ wà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Bàbá Adàkọ dé.

"Amọ̀nà, níbo ni kí n gbà wọlé?"

"Ibí nìyí, Bàbá."

"Mo rí ibẹ̀. Ó ṣì wé pinpin. Àbúrò rẹ dà?"

Amọ̀nà tún òwú náà dì mú. Ó fa òwú; òwú tún le sí i. Ní ìta, ẹ̀yìn ọmọ Àkèré ti yọ lókè omi, oòrùn ń jó o. Ìyá rẹ̀ fi ara rẹ̀ ṣíji bò ó, òun náà ń gbẹ.

Amọ̀nà fi òwú sílẹ̀, ó sáré. Ó bá Atúkókó ní kọ̀rọ̀, ó ti tín-ín-rín bí òjìji.

"Àbúrò mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Ọmọ náà ń kú lọ."

"Ẹ gbé mi débẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́."

Ó gbé e. Ó fi ọwọ́ kan di òwú mú, ó fi èkejì di àbúrò rẹ̀ mú. Atúkókó fọwọ́ kan òwú, òwú sì dẹ̀. Bàbá Adàkọ wọlé, ó ń kọ, ó ń kọ. Àwọn ará yàrá yòókù rí i, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Ẹsẹ̀ hù. Ọmọ Àkèré fò bọ́ sí àyà ìyá rẹ̀. Ariwo ayọ̀ sọ nínú gbogbo yàrá. Amọ̀nà yíjú láti sọ fún àbúrò rẹ̀.

Kò sí ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Atúkókó!"

Ó ti yọ́ tán. Bàbá Adàkọ súnmọ́ ọn. "Ọmọ mi, sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀."

Kò sọ ọ́ kalẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Amọ̀nà àti gbogbo ìran rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú àkèré, nínú igi tàbí nínú ènìyàn, ti ń fi ọwọ́ kan di òwú mú, tí wọ́n sì ń na èkejì síta. Ìran Atúkókó ló ń wá di ọwọ́ náà mú. Bí wọn kò bá tíì dé, jíìnì kì í ṣí.

Wọ́n sì ń dé. Ṣùgbọ́n Atúkókó fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń dé.