Apá Ọ̀tún Àrìnpé àti Apá Òsì Rẹ̀

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Ọmọ tó ń fi ìbínú fa okùn tó ta kókó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ọkọ tó ń pariwo mọ́ ìyàwó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àna rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín pé kí ni nǹkan náà gan-an tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ̀sọ̀ mú, àti pé kí ló le koko nígbà tí wọ́n fagbára mú un, ó dá mi lójú pé ẹ ó kàn máa wo ojú ara yín ni. Awọ ara ni. Awọ apá ọmọbìnrin kan ni, kọfí ló sì dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí àwọn ará Òkè-Ọ̀sán ṣe ń pa á nítàn ni mo ṣe fẹ́ pa á fún yín yìí. Ìlú mìíràn tó bá ní òun ló ni òwe náà, kí ó mú ìtàn tirẹ̀ wá.

Kọfí ni wọ́n ń gbìn ní Òkè-Ọ̀sán. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí èso kọfí sì pọ́n lórí igi, tọkùnrin tobìnrin ní í gba oko lọ. Kò sí ọmọbìnrin tó yára ká kọfí bí Àrìnpé, kò sì sí ẹni tó lè gún un bí tirẹ̀. Ó lágbára lápá. Bí ó bá ń gún kọfí yíyan nínú odó, àwọn ará ilé kejì ti mọ̀ pé òun ló di ọmọ odó mú. Ohun kan ṣoṣo ni kò mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn sì ni kí ó dúró de nǹkan. Bí ó bá fi iṣu sínú iná, kò ní pẹ́ tí yóò ti máa fi igi gún un wò, tí yóò sì máa bínú sí iṣu náà pé ó ń lọ́ra.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Àrìnpé fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ìṣọ̀lá lorúkọ ọmọkùnrin náà, òdìkejì odò ni ilé wọn wà. Inú Àrìnpé dùn débi pé bí ó bá gbọ́ ikọ́ Ìṣọ̀lá lójú ọ̀nà lásán, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ a bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àṣà kan ní ìlú náà. Kí wọ́n tó gbé ìyàwó lọ, ìyá ọkọ yóò wá sí àgbàlá ilé bàbá ìyàwó, yóò di apá ọmọbìnrin náà mú lọ́tùn-ún lósì, yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Bí awọ rẹ̀ bá dán, wọn a ní wọ́n kẹ́ ọmọ náà nílé. Bí ó bá rí ṣákaṣàka, ìyá ọkọ a dá ìgbéyàwó dúró di ìkórè kọfí ọdún tó ń bọ̀, a ní kí wọ́n lọ tọ́jú ọmọ wọn ná kí wọ́n tó fi fọ́kọ.

Àárín ọyẹ́ ni ọjọ́ náà bọ́ sí, lẹ́yìn ìkórè. Ẹ̀ka igi kọfí ti ha apá Àrìnpé, ọyẹ́ sì ti mú kí ó funfun bí ẹni tó fi eérú wẹ̀. Bí ó bá fi ọwọ́ pa apá ara rẹ̀, tó gbọ́ bí ó ṣe ń dún, àyà rẹ̀ a já. Ta ni yóò dúró de Ìṣọ̀lá fún odindi ọdún kan? Kì í ṣe Àrìnpé tí kò lè dúró de iṣu.

Ìyá Mosún, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ló wá ọ̀nà àbáyọ. Ó pẹ́ tí obìnrin yìí ti ṣàkíyèsí pé ìgbàkígbà tí òun bá ku kọfí gígún tán, tí òun sì fi omi ṣan ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ òun a máa rọ̀ ju gbogbo ara yòókù lọ. Ó ti dán an wò lára ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí ó fi dá a lójú. Ó mú kọfí tí Àrìnpé gún, ó fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré kù ú, ó da àdí àgbọn sí i, ó fi oyin díẹ̀ lé e, ó rò ó pọ̀, ó sì dé e mọ́lẹ̀ títí kọfí fi mu òróró yó tó sì rọ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Àrìnpé ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì kí Ìyá Mosún tó gbá a lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

Wọ́n jókòó sẹ́yìn ilé. Ìyá Mosún fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ rin apá ọ̀tún ọmọ náà, ó bu díẹ̀ nínú kọfí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ìka pa á lára róbótó róbótó, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló. Àrìnpé kò gbádùn bí ó ṣe rọrùn tó yẹn rárá.

"Ìyá Mosún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra díẹ̀. Kò jọ pé kọfí yìí mọ̀ pé òun wà lára mi."

"Kọfí mọ̀. Ìwọ ni kò mọ̀. Awọ ara kì í ṣe ìdí ìkòkò, Àrìnpé."

Nígbà tó ṣe é tán, ó ní apá ọ̀tún nìkan ni tòní. Ohun tó bá ṣàjèjì sí ara, ojú kan ni à ń kọ́kọ́ fi í sí, kí a wo bí ara yóò ṣe gbà á. Bó bá di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, òun yóò ṣe apá òsì. Ó fi omi ṣan án, ó fi òrí díẹ̀ pa á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, apá náà dán! Awọ tó ń dún bí ewé gbígbẹ láàárọ̀ wá rọ̀ múlọ́múlọ́, ó ń kọ mọ̀nà nínú oòrùn. Àrìnpé fò sókè. Ó ru apá náà káàkiri agbo ilé, ó fi han ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè, ó ní kí ìyá òun fọwọ́ kàn án, ó ní kí bàbá òun fọwọ́ kàn án. Bàbá rẹ̀ ní òun ti fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, Àrìnpé ní kí ó tún fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Mosún lọ sóko. Àrìnpé jókòó, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Kò jọ pé ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ wá jìnnà lójú rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀. Ó wá rò ó pé bí fífi orí ìka pa á lásán bá lè mú un dán tó báyìí, a jẹ́ pé bí òun bá fi gbogbo agbára òun ra á, yóò máa tàn bí àtùpà ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ àwọn àgbàlagbà onírùngbọ̀n tí ń ronú báyìí títí dòní.

Àdí wà nínú yàrá Ìyá Mosún, kò sì lè dúró dè é. Ó kó kọfí inú odó bí ó ṣe wà, láìkù, tó rí wóró-wóró bí yanrìn. Ó mú kànrìnkàn, ó ká aṣọ sókè, ó sì dojú kọ apá òsì bí ẹni ń fọ ìkòkò tí wọ́n fi igi tútù dáná sí lábẹ́. Kọfí ta á lára. Àrìnpé ní iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ta á ju bẹ́ẹ̀ lọ; ó ní dídán ti ń bọ̀ nìyẹn. Ó tilẹ̀ ń kọrin sí i. Ìgbà tó da omi sí i ni orin dá lẹ́nu rẹ̀.

Apá náà pọ́n bí ẹyìn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi ti ń sun lára rẹ̀. Kò pẹ́ tí èépá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó, ó sì ń le. Àrìnpé fi ìborùn wé e nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó ń fi ọwọ́ kan gún kọfí. Ta ni yóò rí Àrìnpé tí ń fi ọwọ́ kan gún odó tí kò ní fura? Ìyá Mosún tú ìborùn náà, ó sì wò ó. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun fi kọfí tirẹ̀ ra á kíákíá kí àwọn àna tó dé. Ìyá Mosún ní kọfí kì í kan ojú egbò. Omi tútù àti òrí nìkan ni yóò kàn án, kí ó má sì ṣe ṣí èépá kankan, kí ó fi í sílẹ̀ kí ó bọ́ fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ìyà tí èèyàn lè fi jẹ Àrìnpé, èyí ló le jù. Bí apá náà ṣe ń yún un tó, ó ń di ọwọ́ ara rẹ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ọjọ́ kò dúró de awọ. Ìyá Ìṣọ̀lá dé pẹ̀lú àwọn ìyàwó ilé wọn. Ìyá Ìṣọ̀lá jẹ́ obìnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ìyá Àrìnpé ti wọ bùbá alápá gígùn fún ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ti jọ fẹnu kò pé eéwo ni wọn yóò sọ pé ó mú un lápá òsì. Ìyá Ìṣọ̀lá ká apá bùbá ọ̀tún sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó dúró, ó tún un pa. Ó ní kí àwọn tó bá a wá fọwọ́ kàn án. Ni àgbàlá bá dàrú. Àwọn obìnrin ń ti ara wọn, wọ́n ń béèrè ohun tí wọ́n fi pa á. Inú Àrìnpé dùn, ẹ̀rù sì bà á, nígbà kan náà.

Nígbà náà ni ìyá ọkọ ní kí wọ́n mú apá òsì wá. Ìyá Àrìnpé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ eéwo. Àrìnpé wo obìnrin gíga náà, ó rántí pé ilé rẹ̀ ni òun ń lọ gbé, pé ojúmọ́ kan ń bọ̀ tí apá òun yóò hàn síta. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká apá bùbá náà sókè. Ìyá Ìṣọ̀lá fọwọ́ kan èépá náà. Ó le bí èèpo igi.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ta ló ṣe ti ọ̀tún?"

"Ìyá Mosún ni, àbúrò bàbá mi. Kọfí kan náà ni. Èyí tí wọ́n fẹ̀sọ̀ mú kò bàjẹ́, Ìyá. Èyí tí mo fagbára mú ló le koko yìí."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá Ìṣọ̀lá, ó ń rín in títí gèlè fi fẹ́ tú lórí rẹ̀. Ó ní tìtorí kí àwọn lè mọ bí wọ́n ṣe tọ́ ọmọ ni àwọn ṣe ń di apá mú, òun sì ti mọ̀ ọ́n báyìí, nítorí ọmọ náà kò fi egbò rẹ̀ pamọ́.

"Ìkórè ọdún tó ń bọ̀ jìnnà," ó ní. "Kó ẹrù rẹ. Èmi ni n ó máa fi òrí pa apá yìí nílé mi, títí èépá yóò fi bọ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Mosún yóò bá wa lọ, òun àti ìkòkò kọfí rẹ̀. Apá tèmi náà ti rí ọyẹ́."

Ariwo ayọ̀ gba àgbàlá. Ọ̀nà odò ni àwọn obìnrin náà ti ń tún ọ̀rọ̀ Àrìnpé sọ, wọ́n sọ ọ́ nínú oko kọfí, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi kọfí pa apá ìyàwó tuntun, wọn a kọ́kọ́ sọ ọ́ sí i létí. Nígbà tó yá, kọfí bọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, orúkọ Àrìnpé náà bọ́, òwe ló kù.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ fi ipá yanjú ohun tó gba sùúrù: bàbá tó fẹ́ fi pàṣán kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tàbí tọkọtaya tó ń fa ọ̀rọ̀ kékeré ya. Wọn a ní kí ó rọra, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ti Àrìnpé kúkú sàn. Ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ni èépá náà bọ́ sí, kí òdòdó kọfí tuntun tó yọ.