Bí Ilé Pupayẹmí Ṣe Di Dúdú Lójú Àlejò

Èmi kò mọ nǹkan kan o. Ẹ má bi mí ní ìbéèrè ìjìnlẹ̀. Àwọn tó kàwé ló ni ìmọ̀, ẹnu lásán ni tèmi. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ bí ilé Pupayẹmí ṣe dàrú, kí gbogbo ọ̀mọ̀wé sún sẹ́yìn díẹ̀ ná, kí wọ́n fún mi láyè.

Nígbà tí ayé ṣì tuntun, tí òkúta pàápàá ń sọ̀rọ̀, ìpáàrà tí ẹ ń rí lára irin tó ti dógùn-ún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ nù dànù. Ilé ńlá ni. Obìnrin kan ló ni ilé náà. Pupayẹmí ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó pupa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì fẹ́ràn ara rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Inú ilé yìí ni àwọn ọmọ Irin àti àwọn ọmọ Atẹ́gùn ń gbé. Ọkùnrin ni àwọn ọmọ Irin, wọ́n wúwo, wọn kì í fẹ́ kúrò lójú kan. Obìnrin ni àwọn ọmọ Atẹ́gùn, wọ́n fúyẹ́, ẹsẹ̀ wọn kì í fẹ́ balẹ̀. Pupayẹmí ní kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí wọ́n tò ní ìlà, ìlà lórí ìlà, bí ọmọ ilé ìwé lórí pápá láàárọ̀. Ìlà ọ̀hún gún débi pé ẹni tó bá dúró ní ìkángun kan á rí ìkángun kejì. Ọwọ́ tí wọ́n dì mú yẹn ló gbé ilé dúró. Òun náà ló mú kí ilé pupa.

Wàhálà kan ló wà. Kò sí ará ìta tó rí inú ilé náà rí.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ kéré jù. Ìmọ́lẹ̀ gbìyànjú títí. Ìmọ́lẹ̀ tí gbogbo yín ń yìn yẹn, ikùn rẹ̀ tóbi! Ó fi orí wọlé, ikùn há. Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ikùn há. Ó bá padà sílé, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àgbàlagbà o!

Aládùúgbò Pupayẹmí ni Iyọ̀. Ilé tirẹ̀ náà tò, ó ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, ó funfun, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Ìyá Pupa," Iyọ̀ ní, "ojoojúmọ́ lẹ ń pariwo ìlà, ìlà. Ta ló bá yín rí i?"

"Èmi ni mo rí i!"

"Ẹ̀yin lẹ nilé, ẹ̀yin lẹ rí i, ẹ̀yin náà lẹ ń yìn ín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí mo bá ń kọjá, ńṣe ló ń dà bíi ààtàn lójú mi."

Ààtàn! Pupayẹmí fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó so gèlè, ó gun orí òkè lọ bá Mànàmáná. Ìyá ọlọ́mọ rẹpẹtẹ ni Mànàmáná. Àwọn ọmọ rẹ̀ kéré débi pé kò sí ilẹ̀kùn tí wọn kò lè gbà kọjá.

"Ẹ kúulé o, Ìyá Bírí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi láwọn ọmọ yín. Mo fẹ́ kí wọ́n wá wo inú ilé mi, kí wọ́n jáde lọ ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ayé. Wọ́n ní ààtàn ni mí!"

Mànàmáná rẹ́rìn-ín, ojú ọ̀run kọ mànà. "Àwọn ọmọ tèmi? Ìyá Pupa, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n? Wọn ò mọ ìrìn, eré nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sá. Wọn kì í sì í wá ní ẹyọ kan. Rírọ́ ni wọ́n ń rọ́ wá."

"Kí wọ́n rọ́ wá! Ilé mi gba àlejò."

Bírí, àkọ́bí rẹ̀, ti yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. A kàn máa yọjú ni."

A kàn máa yọjú ni! Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún rí, ẹ rántí bí ìkòkò ọbẹ̀ yín ṣe rí nígbà tí wọ́n lọ tán.

Pupayẹmí sáré délé, ó pàtẹ́wọ́. "Àlejò ń bọ̀! Mi ò fẹ́ ìtìjú o. Gbogbo ẹni tó bá ti wọlé, ẹ kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ẹ̀yin ọmọ Irin, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Atẹ́gùn, ẹ kúnlẹ̀."

Ọmọ Atẹ́gùn kan tó ń jẹ́ Fẹ́rẹ́ ní, "Ìyá, tí a bá kúnlẹ̀, ọwọ́ ta la máa dì mú?"

"Ẹ máa dìde, ẹ máa di ọwọ́ yín mú padà. Ṣé ìyẹn náà ń fẹ́ ìbéèrè ni? Ọmọ ìsinsìnyí!"

Ilẹ̀ mọ́, àlejò dé. Fìrì! Bírí wọlé. "Ẹ ǹlẹ́ o!" Àwọn ọmọ Irin dọ̀bálẹ̀, gbì! Àwọn ọmọ Atẹ́gùn kúnlẹ̀. Bírí kọjá, wọ́n dìde, wọ́n di ọwọ́ mú padà. Pupayẹmí rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn tán.

Ẹnu rẹ̀ kò tíì padé tí òmíràn fi wọlé. Fìrì! "Ẹ ǹlẹ́ o!" Gbì! Òmíràn tún dé. Òmíràn tún tì í lẹ́yìn. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé bí ìjàlọ, wọ́n ń sáré lọ tààrà, wọn kò wo ọ̀tún, wọn kò wo òsì.

"Ẹ ò rí mi ni? Ẹ ò kí mi!"

"Èmi gan-an ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó kọjá yẹn!"

"Irọ́ ni, àbúrò mi ni!"

Kò sí ọmọ Mànàmáná kan tó gbà pé òun ni àbúrò. Gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ ìkíni. Fẹ́rẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kò tíì ráyè dìde. Àlejò kan kọlù ú, ó gbé e jù síta bí ìyẹ́ adìyẹ.

"Ìyáaa!"

Ẹ̀yin ì bá rò pé Pupayẹmí á dá wọn dúró. Rárá o! "Ẹ kí wọn!" ló ń pariwo. "Ẹ kí wọn dáadáa! Wọ́n á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́!"

Ọmọ Atẹ́gùn mìíràn fò jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Irin na ọwọ́, wọn kò rí ọwọ́ gbá mú. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ìyá, Fẹ́rẹ́ dà?" ni ọmọ Irin kan bi í.

Ìgbà yẹn ni ojú Pupayẹmí ṣẹ̀ṣẹ̀ là. "Ẹ fi kíkí sílẹ̀! Ẹ di ọwọ́ mú! Ilé mi o!"

"Ọwọ́ ta ni, Ìyá?"

Àwọn tó ṣẹ́kù bá sún mọ́ra. Ọmọ Irin kan ṣí lọ sí igun tí kò dúró sí rí. Ọmọ Irin mìíràn lọ pín ọwọ́ ọmọ Atẹ́gùn kan pẹ̀lú àwọn tó ti dì í mú tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún ara wọn tò, wéré-wéré, pẹ̀lú ẹkún lójú. Ilé kò wó. Ìlà tún gún! Ṣùgbọ́n ìlà mìíràn ni. Pupayẹmí sì wo apá ara rẹ̀: ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ta ló fi èédú kùn mí?"

Bírí ti wà níta, ó ń polongo. "A ti rí i o! Ilé dúdú ni! Ìlà rẹ̀ gún gan-an!"

Iyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́. "Dúdú kẹ̀? Ìyá Pupa, irọ́ lẹ ti ń pa fún wa látọjọ́ yìí!"

"Pupa ni mí! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe pupa lẹ bá mi?"

"Ìyá," Bírí ní, "mo kàn yọjú ni. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Láti ọjọ́ náà ni ìpáàrà ti ní àwọ̀ méjì. Èyí tó pupa ni ilé tí àlejò kò tíì dé. Èyí tó dúdú ni òòfà, tó ń fa abẹ́rẹ́ mọ́ra. Àwọn ọmọ Irin ló ṣì na ọwọ́ síta níbẹ̀, tí wọ́n ń fa ìbátan wọn tó bá ń kọjá, bóyá á bá wọn wá Fẹ́rẹ́.

Títí dòní, ọmọ Mànàmáná kì í pẹ́ nílé ìpáàrà kí ìtò ilé náà má yí padà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti kó àwọn ọmọ ọ̀hún sínú ẹ̀rọ gíga kan tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí, wọ́n ń rán wọn jáde ní ìlà tín-ín-rín bí òwú, pé kí wọ́n lọ bá àwọn wo inú ìpáàrà. Wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á tan ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n á tẹjú mọ́ gíláàsì. Lójijì, wọ́n á fò sókè: "Ó ti hàn! Ẹ wo ìlà! Ẹ wo bó ṣe gún!" Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ilé tó wà nínú fọ́tò yẹn, ṣé èyí tí Pupayẹmí tò ni, àbí èyí tí àlejò sọ ọ́ dà?