Ọwọ́ Opó Tutù

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi rìn títí, ó kó sínú oko kòkó kan, ó bá Àwẹ̀ró, opó Òkété, níbi tó ti ń fọ́ èso kòkó lórí òkúta.

Ọkọ rẹ̀ kò tíì pẹ́ tó kú. Erin, olórí àwọn ẹranko, sì ti sọ fún un pé: "Àwẹ̀ró, bí kòkó ọdún yìí bá dára, ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ lẹ ni oko. Bí ó bá bàjẹ́, a ó gbé e fún ẹni tó lè ṣe é."

Ìjàpá wà níbẹ̀. Ìjàpá ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tó sunkún ju gbogbo ìdílé lọ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó gbọ́, ó gbé itọ́ mì.

Àwẹ̀ró da hóró kòkó tútù sínú agbọ̀n, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Ohun funfun tó wà lára hóró, tó dùn bí oyin, òun ló ń mú un gbóná lábẹ́ ewé. Bí kò bá gbóná, kíkorò rẹ̀ kì í lọ. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ pé kó máa ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé, kó máa fọwọ́ wò ó.

Ìjàpá dé. "Ìyàwó wa, o kú ìrójú o. Lọ tọ́jú ọmọ, èmi á máa bá ọ ṣọ́ agbọ̀n."

"Ẹ ṣé, ọkọ mi. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe o! Bí Àwẹ̀ró bá ti kúrò báyìí, Ìjàpá a rá wọ abẹ́ ewé, a máa lá hóró lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì máa kọrin:

Kòkó ọ̀rẹ́ mi,
*Má gbóná, má gbóná.*
Omi ẹ̀ dùn lẹ́nu mi,
*Má gbóná, má gbóná.*
Opó á kẹ́rù lóko,
*Má gbóná, má gbóná.*

Ẹ gbè é, àmọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Oko ẹlòmíì ló ń lọ yẹn.

Àwẹ̀ró padà dé, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé.

"Ọkọ mi, ó mà tutù!"

"Kí ló tutù? Kòkó tó ń jó mi lọ́wọ́!" Ìjàpá ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́. "Ìyàwó, ọwọ́ rẹ ló tutù. Ọwọ́ opó kì í móoru. Àbí o ò mọ̀ ni? Má fọwọ́ kàn án mọ́, kí o má baà kó òtútù ikú ràn án."

Àwẹ̀ró wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lóòótọ́, látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sóhun tó móoru lára rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ ò móoru, ẹní ò móoru, oòrùn gan-an ò móoru. Ó gbà á gbọ́. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró, kò sì fi kan kòkó mọ́.

Ọjọ́ pé. Erin bu hóró kan jẹ, ó tu ú síta. "Ó korò ju ewúro lọ!"

Wọ́n gbé oko fún Ìjàpá. Àwẹ̀ró kó àwọn ọmọ, ó lọ gbẹ́ ihò sẹ́yìn oko.

Ọdún yí po. Ìjàpá da kòkó tirẹ̀ sínú agbọ̀n. Ó ní òun ò ní tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Nígbà tó fi máa bò ó, hóró ti ń dán bí òkúta odò. Erin sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ìjàpá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé. Ó tutù. Ó sáré lọ sẹ́nu ihò.

"Ìyàwó wa! Jọ̀ọ́, wá bá mi fọwọ́ kàn án. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe."

Àwẹ̀ró kò jáde. "Ọkọ mi, ọwọ́ opó tutù. Kí n má baà kó òtútù ràn án."

Ìjàpá sunkún, ojúlówó ẹkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó rá wọ inú agbọ̀n, ó fi àyà lé hóró, kí ooru ara òun lè wọ̀ ọ́. Òtútù hóró ló wọ inú ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni Erin ti bá a, tó lé e jáde. Oko di igbó. Kò sẹ́ni tó rántí pe Àwẹ̀ró.

Ìdí nìyẹn tí ara Ìjàpá fi tutù títí dòní. Ẹ fọwọ́ kàn án wò. Òkété náà sì ń jáde lọ jẹ kòkó. Wọ́n ń pè é lólè, bẹ́ẹ̀ oko ọkọ rẹ̀ ló ń lọ.

Ibi tí mo bo àlọ́ mi sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kó má gbóná lábẹ́ ewé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ẹni tí yóò sọ fún wa pé ọwọ́ wa ò mọ ohun tó mọ̀.

Ẹ ṣe àmín.