Aṣọ Ìyá Mẹ́kà

Àmáànà kì í gbé ìsàlẹ̀ àpótí. Bí ẹ bá dé Ìdí-Ọsàn lásìkò tí ẹnikẹ́ni ń palẹ̀ ìrìn-àjò mọ́, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àlejò a máa fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, níbo gan-an lèèyàn ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá fi sí i lọ́wọ́ sí, bí kò ṣe ìsàlẹ̀ àpótí, níbi tí ojú ò ní í tó o? Ṣé orí òrùlé la ó gbé e sí ni? Àwọn onílé kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Wùlẹ̀mọ́tù, wọ́n sì mọ ojú ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ṣì ń gba orí ilẹ̀ lọ sí Mẹ́kà ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé wọn la ilẹ̀ Haúsá kọjá, títí dé ilẹ̀ Súdáànì, kí wọ́n tó dé etí òkun. Ẹni tó bá ń lọ, ẹkún ni wọ́n fi ń sìn ín, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í padà. Ìdí nìyẹn tí ẹrù dídì fi jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Gàrí tí kò bá gbẹ dáadáa á bu lójú ọ̀nà. Ata gígún tí wọn ò bá dì lọ́tọ̀ á ba aṣọ ìkírun jẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé oògùn ibà, ẹlòmíràn ni yóò bá a ròyìn ìrìn-àjò rẹ̀ nílé.

Kò sí ẹni tó mọ ẹrù dì bíi Wùlẹ̀mọ́tù. Òun ló ń di ẹrù ìyàwó fún gbogbo àdúgbò, òun náà ló ń di ti àwọn tó ń lọ Mẹ́kà. Á fi àtẹ́lẹwọ́ lu aṣọ, pẹ̀, pẹ̀, pẹ̀, títí á fi pẹlẹbẹ bí ewé. Á ki kúlíkúlì sínú kẹ́tù àlùwàlá, á wé ìborùn mọ́ ìgò òróró. Ó máa ń fọ́nnu pé, "Ẹ gbé ilé yìí wá, kí n bá yín dì í sínú àpótí kan. Ìdérí á sì pa dé!"

Nígbà tó wá kan òun fúnra rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣòwò obì ní Kánò ránṣẹ́ pé òun ti gba àyè fún un nínú ọkọ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun. Àmọ́ ohun kan wà tó ti pinnu láti dì ṣáájú ohun gbogbo.

Aládùúgbò rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Mẹ́kà, obìnrin àkọ́kọ́ tó ti Ìdí-Ọsàn lọ tó sì bọ̀. Ohun tó mú bọ̀ kò pọ̀. Ìgò omi Sámúsámù kan láti kànga mímọ́ Mẹ́kà ni, àti aṣọ funfun fífẹ̀ kan tó rì bọ omi náà, tó sì sá sí oòrùn ilẹ̀ mímọ́ títí tó fi gbẹ. Nígbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́, ó gbé aṣọ náà fún Wùlẹ̀mọ́tù, nítorí ó gbà pé ẹni tó mọ nǹkan dì yóò mọ nǹkan tọ́jú.

"Àmáànà ni o," ó wí. "Ọjọ́ tí mo bá kú, òun ni kí wọ́n fi wé mi."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìsàlẹ̀ àpótí mi ló ń lọ."

Ìyá Mẹ́kà kú. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ béèrè aṣọ tí wọn yóò fi wé e. Wùlẹ̀mọ́tù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbọ́ ìbéèrè náà ketekete. Ó ro aṣọ dáadáa yẹn, ó ro bí ilẹ̀ yóò ṣe jẹ ẹ́. Ó ro ọjọ́ tí òun náà yóò lọ, àti bí ì bá ti dára tó kí òun da aṣọ tó ti mọ ọ̀nà bora. Ó panu mọ́. Wọ́n ra aṣọ lọ́jà, wọ́n sì sin Ìyá Mẹ́kà sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé rẹ̀. Kúbúrátù, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, kò mọ̀ pé ìyá òun fi nǹkan kan sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọdún tí Wùlẹ̀mọ́tù fẹ́ lọ yìí, ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Ọyẹ́ fẹ́ títí ètè gbogbo ènìyàn fi là. Kànga gbẹ. Bí èèyàn bá ń ṣe àlùwàlá, á gbé abọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀, kí omi tó ń kán lè di ti ewúrẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra, ó tẹ́ aṣọ Ìyá Mẹ́kà sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó wá to gbogbo ẹrù lé e. Ràmọ́tà, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ló bá a jókòó lé ìdérí kó tó pa dé.

"Ìyá wa, ràkúnmí tó bá rí ẹrù yìí, inú òkun ló máa sá wọ̀!"

"Jókòó dáadáa, alásọjù. Ìdí ẹ ni mo bẹ̀ lọ́wẹ̀, n ò bẹ ẹnu ẹ."

Lẹ́yìn ìrun Àílà, ó rántí abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó ṣí àpótí. Aṣọ funfun náà ló kọ́kọ́ rí, lókè pátápátá.

"Ràmọ́tà! Ìwọ lo tú ẹrù mi?"

"Èmi tí mo fi ìdí ara mi dé e pa? Kí ni n óò tún tú u fún?"

Wùlẹ̀mọ́tù kó gbogbo rẹ̀ jáde, ó tún un dì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi okùn gba àpótí náà lọ́nà mẹ́rin, ó sì jókòó tì í. Oòrùn ràn gba ojú fèrèsé. Àwọn adìyẹ ń jẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó wá gbọ́ nǹkan láti inú àpótí. Ìró àtẹ́lẹwọ́ ni, ó ń lu aṣọ kó lè pẹlẹbẹ: pẹ̀, pẹ̀, pẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Orí itan rẹ̀ ni méjèèjì wà.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti igun àpótí. Ó rò pé ìgò òróró ló fọ́. Ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò. Omi ni, ó tutù, ó sì ní iyọ̀ díẹ̀.

Ó mọ omi tó ń rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Mẹ́kà ti fún un ní omi Sámúsámù mu nígbà kan. Síbẹ̀ ó nu ilẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé ẹrù òun lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Àṣà Ìdí-Ọsàn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ so ẹrù Mẹ́kà pa kí Lèmọ́mù tó ṣe àdúà lé e ní ṣíṣí. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, àwọn èrò ti pé, ọkọ̀ sì ti wà lójú títì. Lèmọ́mù wo okùn, ó wo Wùlẹ̀mọ́tù.

"Tú u."

"Bàbá, bí mo bá tú u, kò ní í ṣeé dì mọ́."

"Ìwọ Wùlẹ̀mọ́tù? Ìwọ tó o lè di odidi ilé?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà. Nígbà tí ìdérí ṣí, òórùn tùràrí jáde, ẹ̀rín sì dákẹ́. Aṣọ funfun ló wà lókè, ó rin gbingbin, gbogbo ẹrù tó kù sì gbẹ táútáú. Kò ká bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ. Ó wé, ó sì so lórí àti lẹ́sẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá wé èèyàn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ta ló ni aṣọ yìí?" Lèmọ́mù béèrè.

Wùlẹ̀mọ́tù wólẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn èrò, títí kan ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Lèmọ́mù ní, "Èèyàn lè di gàrí, kó di iyọ̀, kó di oògùn. Bó bá di ohun olóhun mọ́ ọn, ibo ló ń gbé e lọ? Ṣé iwájú Ọlọ́hun tó mọ olówó rẹ̀?"

Kúbúrátù jáde láàárín èrò. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò pariwo. "Tèmi nínú ẹ̀, mo foríjì yín. Ti ìyá mi, èmi kọ́ ni mo ni ín. Ẹ lọ bá wọn sọ ọ́."

Wùlẹ̀mọ́tù gbé aṣọ tútù náà sápá, ó lọ sábẹ́ igi ọsàn. Ó tẹ́ ẹ lé orí sàréè.

"Màmá, mo jẹ́ kí ẹ wọ aṣọ ọjà lọ. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni ǹ bá sọ, n ò sọ ọ́. Ẹ foríjì mí."

Ewé kan ò mì. Láti ojú títì, fèrè ọkọ̀ dún. Wọ́n ń kígbe orúkọ rẹ̀.

"Kí wọ́n máa lọ," ó wí. "Bí ẹ ò bá gbà á lọ́wọ́ mi, n ò níbi tí mò ń lọ."

Ó fọwọ́ bojú, ó ń sunkún. Nígbà náà ló tún gbọ́ ọ, nítòsí eékún rẹ̀: pẹ̀, pẹ̀, pẹ̀. Ó ṣíjú. Aṣọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Erùpẹ̀ sàréè náà pẹlẹbẹ, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, ó sì tutù, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn. Kúbúrátù dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó fọwọ́ bo ẹnu. Kò sọ ohun tó rí, kò sì sọ ọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ohun tó sọ ni pé, "Màmá, ẹ máa lọ. Ọkọ̀ ń dúró dè yín."

Wùlẹ̀mọ́tù fi àpótí ńlá náà sílẹ̀. Gàrí díẹ̀, kẹ́tù àti ìborùn ló dì sínú aṣọ kan, ó sì lọ. Ó lọ ire, ó bọ̀ ire. Ó tún ń bá àwọn èèyàn di ẹrù, ṣùgbọ́n kò fọ́nnu mọ́. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ bi í pé, "Ti ta ló wà lọ́wọ́ rẹ?" Bí onítọ̀hún bá ní kò séwu, pé ìsàlẹ̀ àpótí òun ló wà, á ní kó lọ gbé e fún olówó rẹ̀ ná.

Nígbà tí òun náà kú, wọn ò wá aṣọ tí wọn yóò fi wé e rárá, nítorí òkè pátápátá nínú àpótí ló fi í sí. Kúbúrátù ló gbé e jáde. Lẹ́yìn náà, ó rọra ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí náà, ó fi ọwọ́ wá a dé igun. Ó gbẹ.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ ní Ìdí-Ọsàn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àmáànà kì í gbé ìsàlẹ̀ àpótí. Bí ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò bá gbé e jáde, ẹni tó ni ín á wá gbé e.