Òkété Bi Ehoro Pé: Ta Ló Jẹ Ẹ̀pà Mi?

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó balẹ̀ sórí Òkété tó ni oko ẹ̀pà, Ehoro tí wọ́n jọ ń ṣe àáró, àti Lékeleke tó ti ilẹ̀ Íńdíà mú ẹ̀kọ́ bọ̀.

Lékeleke ní àwọn amòye Híńdù ń jiyàn lórí ohun kan: ta ni ẹni inú wa, kí ni ó sì jẹ́ sí Òtítọ́ Àìlópin tó gbé ayé ró? Àwọn kan ní ọ̀kan náà ni wọ́n, kò sí èkejì. Àwọn mìíràn ní méjì ni wọ́n títí láé, ẹ̀dá kan kì í sì í ṣe èkejì. Àwọn kẹta ní ẹni inú kì í fọwọ́ kan ohunkóhun, ó kàn ń wòran. Ara ló ń ṣe ohun gbogbo.

"Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì dúró tì í," ni Lékeleke wí.

Ehoro kò mú ọ̀kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kó. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn!

Nígbà tí àáró kan oko Ehoro, ó ní, "Òkété ọ̀rẹ́ mi, ọ̀kan ni wá. Oko mi, oko rẹ ni." Òkété fi ọjọ́ mẹ́ta roko náà títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Ó wá kan oko Òkété. Ehoro ní, "Háà! Méjì ni wá títí láé. Oko rẹ kì í ṣe oko mi."

Òkété nìkan ro, òun nìkan gbìn. Ẹ̀pà náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún yóò fi la ẹ̀ẹ̀rùn já. Àfi bó ṣe dé oko láàárọ̀ ọjọ́ kan tó bá èèpo nìkan, àti Ehoro tó ń pọ́nnu lá.

Òkété pe gbogbo ẹranko jọ. Ó gbé orin:

Ehoro, ta ló jẹ ẹ̀pà mi?
*Dáhùn, dáhùn o!*
Ọmọ márùn-ún ń sunkún ebi,
*Dáhùn, dáhùn o!*

Ehoro rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀kọ́ ò yé ọ ni. Ara ló jẹ ẹ́. Èmi ẹni inú, ìran ni mò ń wò."

Àwọn ẹranko pàtẹ́wọ́. "Òkété, panu mọ́. Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn."

"N kò ní panu mọ́! Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kò yó ọmọ mi. Lékeleke, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà wí?"

"Ó wí bẹ́ẹ̀," ni Lékeleke dáhùn. "Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á kì í fi jalè."

Láyé ìgbà náà, ìrù Ehoro ṣì gùn, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó sì fi ń yangàn. Òkété tọ́ka sí i.

"Ehoro, ṣé ìwọ nìyí?"

"Rárá o. Ara ni."

Òkété ki eyín bọ̀ ọ́. Gẹ́! Ìrù já.

"Yéè! Ìrù mi o! Òkété pa mí o!"

"Ta ló ń ké?" ni Òkété bi í. "Ṣé òǹwòran ni?"

Ehoro fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó di inú igbó.

Ẹ má rò pé ẹ̀pà padà o. Gbòǹgbò kíkorò ni àwọn ọmọ Òkété jẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà. Ìrù Ehoro náà kò sì hù mọ́. Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wo ìdí Ehoro.