Iná Tó Wà Lójú Ológbò

"Màmi, bí wọn ò bá bá ara wọn jà, kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní ogun?"

Tẹniọlá ló béèrè bẹ́ẹ̀ lórí ẹní. Olùkọ́ wọn ti sọ fún wọn pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà tí wọ́n jọ ṣẹ́gun ló tún kọjú síra wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kó ohun ìjà jọ, wọn ò sì yìn ín lu ara wọn. Ogun Tútù ni wọ́n ń pè é.

Bàbá rẹ̀ húkọ́, ó ní òun ń bọ̀. Ìyá àgbà ní ogun tí òun mọ̀ kì í tutù. Níta, ológbò méjì ń kùn síra wọn lórí ògiri. Mo ní kó súnmọ́ mi kí n pa ìtàn kan fún un.

Nígbà láéláé, ojú ológbò kì í tàn nínú òkùnkùn. Etí odò kan ni gbogbo ológbò jọ ń gbé. Adúmáadán àti Abilà ni olórí wọn. Àwọn méjèèjì ló fọwọ́ sowọ́ pọ̀ tí wọ́n lé ìkookò tó ń pa wọ́n lọ́mọ jẹ. Lọ́jọ́ tí ìkookò sá lọ, inú àwo kan ni wọ́n ti jẹun.

Ẹran tí ìkookò fi sílẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ẹ̀ sínú àká kan," Abilà wí. "Ká máa pín in dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má fi ebi sùn."

Adúmáadán rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ àká lọ́wọ́? Ìwọ, àbí? Kí kálukú ṣọdẹ tiẹ̀, kó sì tà á fún ẹni tó bá wù ú."

"Ẹni tí kò lágbára àtiṣọdẹ ńkọ́?"

"Ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án, tó ń retí ìpín ńkọ́?"

Abilà kó àwọn tirẹ̀ kọjá sí òdìkejì odò, ó sì fi ẹ̀gún ṣe ọgbà sí etí omi. Ọmọ ìyá kan náà kò lè rí ara wọn mọ́.

Wọ́n wá ń bi gbogbo ẹranko pé, "Ti ta ni ẹ ń ṣe?" Adúmáadán fún Òkété ní kùmọ̀, Abilà fún Ọ̀kẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, àwọn yẹn sì lu ara wọn bolẹ̀. Ìgbín nìkan ló ní, "Ilé mi ni mo wà," ó sì wọlé.

Lọ́jọ́ kan, àrá sán pa ìrókò. Adúmáadán rí ẹ̀yinná kan níbẹ̀ tí kì í kú. Kò ju ẹyọ àgbàdo lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá já sórí ewé gbígbẹ, bèbè odò méjèèjì á jóná, omi á hó, ẹni tó jù ú náà á sì jóná. Ó fi í pamọ́ sínú ojú rẹ̀ kan. Abilà gbọ́. Kò sinmi títí ó fi rí tirẹ̀. Adúmáadán fi òmíràn sí ojú kejì. Abilà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ojú mẹ́rin á máa jó lórí odò, gbogbo igbó á sì dákẹ́. Kò sí ọmọ tó ń rí oorun sùn mọ́.

Adúmáadán fi abiyamọ kan, Ẹlẹ́sẹ̀-òwú, ṣe olùṣọ́. "Bí ohunkóhun bá bú lọ́hùn-ún," ó wí, "ké. Bí o bá ti ké, màá ju iná tèmi."

Ẹlẹ́sẹ̀-òwú ń fi ẹnu gbé àwọn ọmọ rẹ̀ láti ihò kan sí òmíràn, torí kò síbi tó fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọyẹ́ kan, ó gbé àbíkẹ́yìn dé etí omi. Nǹkan bú lódìkejì: pàá!

Ó yẹ kó ké. Ṣùgbọ́n bí ó bá la ẹnu, ọmọ á já sómi.

Ó rọra pa eyín dé mọ́ ọmọ náà, ó wo òdìkejì. Olùṣọ́ Abilà dúró níbẹ̀, òun náà gbé ọmọ sẹ́nu. Wọ́n tẹjú mọ́ ara wọn. Èso igi àpá ló bú là lókè; hóró rẹ̀ já bọ́ sáàárín wọn, dúdú tó dé fìlà pupa, omi sì gbé e lọ.

Ẹlẹ́sẹ̀-òwú fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kejì náà fi ẹ̀yìn rìn.

Ó gbé ọmọ náà sílẹ̀ níwájú Adúmáadán. "Bàbá, èso igi ni. Ọmọ yìí ni kò jẹ́ kí n ké."

Adúmáadán bẹ̀rẹ̀, ó fi imú kan ọmọ náà. "Ṣé ó ti jẹun?" ló béèrè.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ránṣẹ́ sí Abilà, àwọn méjèèjì sì ta okùn igbó kan kọjá odò, láti ibùsùn ẹnì kìíní dé ti ẹnì kejì, kí ẹni tí ẹ̀rù bá bà lè fà á, kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó ju iná. Wọn ò di ọ̀rẹ́. Wọn ò hú ẹ̀gún kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ sùn.

Àwọn ọmọ wọn jogún iná náà, ìdí nìyí tí ojú ológbò fi ń tàn nínú òkùnkùn títí dòní. Bí méjì bá pàdé, wọ́n á tẹjú mọ́ ara wọn, wọ́n á kùn, wọ́n á sì máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀.

"Màmi, ṣé iná yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀, ọmọ mi."

Ó di etí ìró mi mú. Lórí ògiri, kíkùn ti dáwọ́ dúró. Ìyá àgbà ń hanrun, bàbá rẹ̀ tó ní òun ń bọ̀ náà ti sùn lọ sórí àga. Nígbà tó yá, ọwọ́ Tẹniọlá tú kúrò lára aṣọ mi.